Owó wà nínú ìwo màálù tí à ń dà nù

Ẹni tó bá dé odò ẹran Oko-Ọba ní Agége yóò rí i pé àwọn alápatà kì í fi ohunkóhun ṣòfò lára màálù. Wọ́n ń ta ẹran, wọ́n ń ta pọ̀nmọ́, wọ́n ń ta ìfun. Kódà, ẹ̀jẹ̀ àti eegun ní àwọn tó ń rà á fi ṣe oúnjẹ adìẹ. Ìwo ni kò níyì láàárín wọn. Èyí tí kò bá di pàǹtí, àwọn oníṣòwò á dì í sínú àpò, ó di òkè òkun bó ṣe wà. Lójú tèmi, àdánù gbáà ni.

Ìwo kì í ṣe eegun. Ohun kan náà tó wà nínú èékánná wa ló wà nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí ooru fi ń mú un rọ̀. Ṣóńṣó rẹ̀ le gbagidi, ìdí rẹ̀ sì ṣófo. Àwọn tó ń ṣe ọ̀bẹ Laguiole nílẹ̀ Faransé ń fi ṣóńṣó ìwo ṣe èèkù ọ̀bẹ, ọ̀bẹ náà sì gbówó lórí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ Abbeyhorn, tó ń fi ìwo ṣe ṣíbí àti ife, sọ pé láti ọdún 1749 ni àwọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Apá tó ṣófo ló gba ọgbọ́n, nítorí ohun pẹlẹbẹ ni èèkù ọ̀bẹ ń fẹ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò la ẹ̀rọ olówó ńlá lọ. Wọn á se ìwo títí eegun inú rẹ̀ yóò fi yọ, wọn á gé ṣóńṣó rẹ̀, wọn á sì fi ayùn la ìyókù lóòró. Wọn á tún sè é títí yóò fi rọ̀, wọn á fi ẹ̀mú ya ẹnu rẹ̀, wọn á wá fún un mọ́ àárín irin pẹlẹbẹ méjì tó gbóná, nínú fáìsì irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń lò. Bí iná bá pọ̀ jù, yóò jóná. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kó tó tutù, yóò ká padà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ ilẹ̀ Ṣáínà ti kún ọjà, ta ló fẹ́ bá wọn du iye owó? Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fọwọ́ ṣe ọ̀bẹ lókè òkun máa ń ra ìwo pẹlẹbẹ ní méjì-méjì, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan èèkù. Ẹni tó ta ìwo tútù, ẹrù ló tà. Ẹni tó ta pẹlẹbẹ, iṣẹ́ ọwọ́ ló tà, èrè rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó awọ tútù lọ sókè òkun, kí iṣẹ́ inú rẹ̀ lè kù sílé. Òfin nìkan kò lè ṣe é fún ìwo. Ahéré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ẹran, omi, ìkòkò ńlá, fáìsì àti olùkọ́ tó mọṣẹ́ ni a nílò, pẹ̀lú ìbòmú, nítorí eruku ìwo kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹgbẹ́ alápatà lè fi ọmọ wọn mélòó kan bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń pariwo àìríṣẹ́ṣe, ẹ wá wo ẹ̀yìn odò ẹran yín.