Ẹ Yé Pe Ọ̀dọ́ Agoua Ní Ọ̀lẹ

Láti Agoua dé Bantè, títí kan Savalou, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn àgbà ti sọ ọ̀rọ̀ kan di orin. Wọ́n ń sọ ọ́ nípàdé ìdílé, wọ́n ń fi ṣe ìwàásù, àwọn tó ti Kútọnu wá kí ilé náà ń sọ ọ́ kí wọ́n tó padà: iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, ọ̀lẹ ni àwọn ọ̀dọ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ á rí i ṣe. Wọ́n tilẹ̀ ń sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè kajú tán, tí oje rẹ̀ ṣì wà ní èékánná wọn. Ó tó gẹ́ẹ́.

Kajú yẹn gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Láti nǹkan bí oṣù kejì dé oṣù karùn-ún, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi. Wọ́n á ṣa èyí tó já bọ́, wọ́n á fọwọ́ yí kóró kúrò lára èso, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á dì í sínú àpò. Oníbárà á dé, á fi ọ̀bẹ la ẹ̀kúnwọ́ kóró kan, á wo inú rẹ̀, á dárúkọ iye tó bá wù ú. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ parí sí ní Agoua. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àpò wọ̀nyẹn fi ń gba èbúté Kútọnu lọ sí Íńdíà àti Vietnam, tèèpo-tèèpo.

Èèpo náà ni kí á wò dáadáa. Kìlò mẹ́rin sí márùn-ún kóró tútù ló ń mú kìlò kan ọmọ kajú jáde. Kí ó tó jáde, ẹnì kan ní láti sè é, ẹnì kan ní láti fọ́ ọ láìjẹ́ kí epo inú èèpo bó òun lọ́wọ́, ẹlòmíràn á gbẹ ẹ́, ẹlòmíràn á bó awọ pẹlẹbẹ tó wà lára rẹ̀, ẹlòmíràn á ṣà á: odindi lọ́tọ̀, ààbọ̀ lọ́tọ̀, èrúnrún lọ́tọ̀. Èyí tí ọjà ń pè ní W320, tí bí 320 ọmọ rẹ̀ ń wọ pọ́n-ùn kan, ní iye tirẹ̀. Owó oṣù ẹnì kan ló wà nídìí ìkọ̀ọ̀kan iṣẹ́ wọ̀nyí. Àwọn obìnrin Kollam ní Íńdíà ló ń gbà á. Vietnam tilẹ̀ ti di àgbà nínú títa ọmọ kajú fún Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ṣé àwọn obìnrin Kollam lápá ṣiṣẹ́ ju ìyá wa ní Agoua lọ ni? Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ kí ojú má tì í?

Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé ìpinnu ló ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kéde ní 2022 pé kajú tútù kò gbọdọ̀ jáde nílùú mọ́, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2024. Ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ kajú dìde ní Glo-Djigbé, wọ́n sì ń gba èèyàn. Ṣé òru ọjọ́ kan ni àwọn ọ̀dọ́ fi jáwọ́ nínú ọ̀lẹ ni?

Ṣùgbọ́n Glo-Djigbé fi ohun tó ju 200 kìlómítà jìnnà sí Agoua. Láti oṣù kìíní 2023, 52,000 sẹ́fà lóṣù ni owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san. Ọmọbìnrin tó bá gba iye yẹn á ti inú rẹ̀ háyà yàrá, á ti inú rẹ̀ jẹun, á ti inú rẹ̀ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Òfin ìgbanisíṣẹ́ 2017 sì gba ọ̀gá láyè láti máa tún àdéhùn onígbà díẹ̀ ṣe léraléra, láìní òpin. Bí wọn kò bá tún tirẹ̀ ṣe mọ́, tó padà sílé, ìgbà náà ni wọ́n á tún pè é ní ọ̀lẹ. Ìwà ìkà ni!

Ẹni tó bá rò pé Agoua nìkan ló rí báyìí, kí ó wo Yúróòpù. Ní 2007, nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Sípéènì ni kò ríṣẹ́. Ní 2013, ó ti di nǹkan bí 26. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló dẹnu kọlẹ̀, àwọn oníṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ lé. Ọrọ̀ ajé Jámánì ṣubú gan-an ní 2009, síbẹ̀ iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ dín wákàtí iṣẹ́ kù dípò kí wọ́n lé òṣìṣẹ́, ìjọba sì ń san apá kan owó tó dín. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọ̀lẹ bu àwọn ará Sípéènì jẹ, kó sì fo ará Jámánì dá.

Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ Bẹ̀nẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2019 dé oṣù kejìlá 2020, ṣé ọ̀lẹ ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ àti alágbàrù?

Àwọn kan ní ilé-ìwé ló ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Àwọn tí kò wọlé ìwé rí ńkọ́? Ta ló sì kọ ebè iṣu tí Savalou fi ń ṣọdún ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ?

Ohun tó yẹ kò fara sin: kí ilé-iṣẹ́ kajú dé Bantè àti Savalou níbi tí igi wà, kí títún àdéhùn onígbà díẹ̀ ṣe ní òpin tí òṣìṣẹ́ lè gbẹ́kẹ̀ lé, kí ààbò ìlera kan ẹni tó ń ṣa kóró lóko. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ pe ọmọ ẹlòmíràn ní ọ̀lẹ nípàdé tó ń bọ̀, kó kọ́kọ́ sọ ibi tí iṣẹ́ náà wà, iye tí wọ́n ń san, àti oṣù mélòó tí àdéhùn rẹ̀ yóò lò.