Lẹ́yìn Tí Garantie Bá Parí, Ẹ Kọ́ Bí Ẹ Ó Ṣe Máa Tọ́jú Alùpùpù Yín Fúnra Yín

Láti Àjàṣẹ́ dé Ṣakété, láti Ìpọ́bẹ̀ dé Kétu àti Ṣábẹ̀, alùpùpù ló ń gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ ajé wa. Òun ló ń gbé ìyá ọlọ́jà lọ sọ́jà, òun ló ń kó àgbàdo àti gbágùúdá jáde láti oko, òun náà ló ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn lóru. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fi zémìjàn bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Ọjọ́ tí alùpùpù bá dákẹ́, owó ọjọ́ náà ti wọmi nìyẹn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àtúnṣe rẹ̀ fi yẹ lẹ́ni tí à ń jókòó sọ. Àwọn kan ní ilé iṣẹ́ tó ta alùpùpù fún ni ló yẹ ká máa gbé e padà lọ, ká sanwó fún wọn kí wọ́n bá wa tọ́jú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní owó àsanù ni, kí olówó alùpùpù máa ṣe é fúnra rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ilé iṣẹ́ ní àkókò tirẹ̀, àwa náà ní tiwa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi alùpùpù jẹun tí kò mọ ohunkóhun nípa ìtọ́jú rẹ̀, ó ti fi oúnjẹ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí ilé iṣẹ́ ti jàre. Bí alùpùpù bá ṣì wà lábẹ́ garantie, ẹ má ṣe tú u fúnra yín. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló máa ń béèrè ìwé tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù pé ẹ gbé e wá ní àkókò tó yẹ. Bí ìwé yẹn kò bá sí, tí nǹkan ńlá bá bàjẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn. Sáfíìsì àkọ́kọ́, tó sábà máa ń bọ́ sí àárín 500 sí 1,000 kìlómítà, ṣe pàtàkì jù lọ. Nígbà yẹn, àwọn irin tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ara ra ara wọn, èérún irin tó ń bọ́ lára wọn sì wà nínú ọ́ìlì. Ó gbọ́dọ̀ jáde. Ẹni tó bá fo èyí nítorí owó díẹ̀, ó lè fi ẹ́ńjìnnì san án.

Lẹ́yìn tí garantie bá ti parí ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ọlọ́kadà kan ń rin 100 kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. 600 kìlómítà lọ́sẹ̀ kan nìyẹn. Bí ìwé alùpùpù rẹ̀ bá ní kó máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní 3,000 kìlómítà, ọ̀sẹ̀ márùn-ún márùn-ún ni yóò máa ṣe é, ìyẹn bí ìgbà mẹ́wàá lọ́dún. Kétu sí Kùtọnu lé ní 100 kìlómítà ní àlọ nìkan. Ti Ṣábẹ̀ lé ní 200. Bí ará Kétu bá ń gbé alùpùpù lọ sí Kùtọnu lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún nítorí ọ́ìlì, ọjọ́ mẹ́wàá tí kò fi ní ríṣẹ́ ṣe nìyẹn, epo rẹ̀ á lọ, yóò sì ti rin ohun tó lé ní 2,000 kìlómítà lásán kí wọ́n tó gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó sún mọ́ ará Àjàṣẹ́ kò sún mọ́ ará Ìlárá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a máa ń gbé e fún mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ igi. Àwọn tó mọṣẹ́ pọ̀ nínú wọn, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, báwo la ó ṣe mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é? Ẹni tí kò mọ àwọ̀ ọ́ìlì tuntun, wọ́n lè da ògbólógbòó sí i fún un kó sì dúpẹ́. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Iṣẹ́ mẹ́rin péré ni mo ní ká mọ̀.

Èkíní ni ọ́ìlì pípààrọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní vidange. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ògbólógbòó sàn tán sínú abọ́, ẹ dè é padà, ẹ sì da tuntun sí i ní ìwọ̀n tí ìwé rẹ̀ sọ. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù wa, ọ́ìlì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì. Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mìíràn máa ń mú kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀, kí alùpùpù máa hó lásán láìní agbára. Ẹ wo ara agolo bóyá wọ́n kọ JASO MA sí i. Ẹ má ṣe da ògbólógbòó sílẹ̀ nítòsí kànga. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ rọ ọ́ sí.

Èkejì ni fílítà atẹ́gùn. Eruku pupa ojú ọ̀nà wa pọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Fílítà tó bá di, kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí, yóò sì máa jẹ epo. Bó bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lára. Bó bá jẹ́ ti bébà, omi kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù, bó bá sì ti gbó, ẹ ra òmíràn.

Ẹ̀kẹta ni ṣéènì. Bí ẹ bá fi ìka gbé e sókè ní àárín, ó sábà máa ń yẹ kó lè lọ sókè sódò bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Bó bá le jù, yóò ba bẹ́ríìnì jẹ́. Bó bá dẹ̀ jù, ó lè já bọ́ lójú ọ̀nà, kó sì gbé ènìyàn ṣubú. Bí ẹ bá ń fà á, kí àmì ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba, kí ẹ sì rí i pé nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn le padà.

Ẹ̀kẹrin ni púlọ́ọ̀gì, tí àwọn ará ibí ń pè ní bougie. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni kí ẹ tú u. Bí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n bí àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, ó dára. Bó bá dúdú bí èédú, ẹ wo fílítà yín, ẹ sì wo irú epo tí ẹ ń rà. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ra kpayo inú ìgò, omi àti ìdọ̀tí sì lè wà nínú rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá lẹ̀ mọ́ púlọ́ọ̀gì, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá yín, ẹ wá mẹkáníìkì.

Ibi tí ó yẹ kí ọwọ́ wa dúró náà wà. Ẹ má ṣe tú inú ẹ́ńjìnnì, ẹ má ṣe fọwọ́ kan fáàfù tàbí wáyà iná bí ẹ kò bá kọ́ ọ. Bíréèkì, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ kí ẹ tó jáde, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ló wà lẹ́yìn yín. Iṣẹ́ wọ̀nyí ló tọ́ ká sanwó fún, ká sì san án pẹ̀lú ayọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: “Mi ò kàwé, ìwé alùpùpù sì jẹ́ ti Faransé.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́rin yìí, ojú la fi ń kọ́ wọn. Ẹ san owó sáfíìsì kan fún mẹkáníìkì rere, kí ẹ dúró tì í, kí ẹ béèrè. Nígbà kejì, ẹ ṣe é kó máa wò yín. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń ra alùpùpù pẹ̀lú, kí ẹ tó kówó lélẹ̀, ẹ ní kí olùtajà fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ìwé garantie, kó sì fi ibi tí wọ́n ti ń wo ọ́ìlì hàn yín.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ ra alùpùpù fún ọ̀dọ́ láti máa fi ṣiṣẹ́ kó lè máa dáwó fún yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ẹ jọ sọ ọ́ ní kedere ta ni yóò máa ra ọ́ìlì, kí ẹ sì máa kọ iye tí mítà wà sínú ìwé kékeré nígbàkúgbà tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀. Ìjà tó máa ń wà láàárín olówó alùpùpù àti ẹni tó ń gùn ún, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ́ìlì tí kálukú rò pé èkejì ti pààrọ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn oní-zémìjàn náà lè ṣèrànwọ́. Wọ́n ń pàdé, wọ́n sì ń dá owó. Kí wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lóṣù, kí mẹkáníìkì kan wá fi iṣẹ́ wọ̀nyí han àwọn tuntun, ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Lítà ọ́ìlì kan tí a kò rà lónìí lè di ẹ́ńjìnnì odindi lọ́la, ẹni tó sì jẹ gbèsè ra alùpùpù yóò ṣì máa san gbèsè náà nígbà tí alùpùpù bá ti di irin tí adìyẹ ń sùn sí.