Ariwo Alùpùpù: Bí A Ṣe Lè Mú Sáílẹ́ńsà Dákẹ́ Láìpa Ẹ́ńjìnnì Lára

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí agbo ilé ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ. Ọ̀rọ̀ ariwo ni. Ìyá kan kọ ìwé sí wa pé ọmọkùnrin òun ń fi alùpùpù gbé ẹrù kiri fún àwọn oníṣòwò, àti pé nínú iṣẹ́ náà ni ó ti ń san owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ó bá ń wọlé ní òru, gbogbo àdúgbò a jí, ọmọ ọwọ́ tí ó wà ní yàrá kejì a bú sẹ́kún, onílé sì ti sọ pé bí oṣù yìí bá fi parí tí ariwo náà kò dá, kí wọ́n wá ibòmíràn gbé. Ìyá náà béèrè lọ́wọ́ wa ohun tí wọ́n lè fi dí ẹnu páìpù èéfín náà.

Èsì wa ni pé kí wọ́n má ṣe dí i. Ẹ́ńjìnnì tí a bá dí ní imú yóò gbóná kọjá ààlà, agbára rẹ̀ yóò rẹ̀yìn, yóò sì máa jẹ epo lásán. Ohun mìíràn wà tí ọmọ náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ wẹ́dà kan, bí ó bá lè fi ara balẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ irú alùpùpù tí a ní lọ́kàn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin de ọ̀kadà akérò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Etí-Ọ̀sà, tí Lekki àti Ajah wà nínú rẹ̀, sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nítorí náà a kò kọ ìwé yìí fún ẹni tí ó ń wá ọ̀nà láti fi ìdákẹ́jẹ́ gbé èrò gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Àwọn tí ń gbé oúnjẹ, oògùn àti ọjà lọ fún oníbàárà ni a ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ni ó ń fa ariwo náà? Nínú ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù ń jó pẹ̀lú ipá. Nígbà tí ilẹ̀kùn kékeré tí a ń pè ní fáàfù bá ṣí, èéfín gbígbóná náà a tú jáde lójijì, bí ìgbà tí a ṣí ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ti mì. Irú alùpùpù tí ó wọ́pọ̀ ní ìgboro wa, bíi Bajaj Boxer, máa ń tú èéfín báyìí lẹ́ẹ̀kan nínú yíyí méjì tí ẹ́ńjìnnì bá yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 3,000 ni èéfín yóò bú jáde, èyíinì ni ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Iṣẹ́ sáílẹ́ńsà ni láti gba àwọn ìbúgbàmù wọ̀nyí sínú àpótí irin, kí ó máa mú wọn láti yàrá kan dé yàrá kejì, láti inú ihò wẹ́wẹ́ kan dé òmíràn, títí ipá wọn yóò fi rọ̀. Ìró tí ń lọ a pàdé ìró tí ó ti ara ògiri padà wá, wọn a sì pa ara wọn. Milton Reeves àti Marshall arákùnrin rẹ̀, ní ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, gba ìwé-àṣẹ lórí irú ohun èlò yìí ní ọdún 1897. Láti ìgbà náà, irin rẹ̀ ti dára sí i, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò yí padà púpọ̀.

Ẹni tí ó bá pe orúkọ Etí-Ọ̀sà ti dárúkọ ìdí àìsàn náà. Ọ̀sà wà ní apá kan, òkun ńlá wà ní apá kejì, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì ń fẹ́ láàárín wọn ní ọ̀sán àti ní òru. Nígbà òjò, omi a kún ojú ọ̀nà, alùpùpù a sì wọ́ irin gbígbóná kọjá nínú rẹ̀. Ohun kan sì tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: bẹntiróòlù tí ó jó tán máa ń di omi díẹ̀ pẹ̀lú èéfín. Bí ìrìn bá kúrú, bíi láti ọjà dé ẹnu ọ̀nà ẹsiteeti kan, sáílẹ́ńsà kò ní gbóná tó láti lé omi náà jáde. Omi náà a dúró sínú, a sì máa jẹ irin láti inú wá. Ara òde lè máa dán nígbà tí inú ti di èérún.

Nítorí náà, kí ọmọ náà tó ra ohunkóhun, kí ó wá ibi tí ariwo ti ń jò. Kí ó ṣe é ní gbangba ìta, kì í ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí nínú èéfín náà ni gáàsì kan wà tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Òun kan náà ni ó ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sùn tì. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ó tó tan án. Kí ó fi ọṣẹ pò mọ́ omi, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí gbogbo ojú ìsopọ̀. Kí ẹnìkejì wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, kí ó fi àkísà tútù bo ẹnu páìpù fún ìwọ̀n ìmí méjì péré. Ibi tí ìfófò ọṣẹ bá ti ń ru ni ibi tí ó ń jò. Bí ó bá sì rí ilà dúdú bí ẹ̀ẹ́dú níbi tí páìpù ti wọ orí ẹ́ńjìnnì, kò sí ìdí láti wá a lọ jìnnà: òrùka gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà níbẹ̀ ti bàjẹ́. Kí ó ra tuntun, kí ó má ṣe lo èyí tí wọ́n ti tẹ̀ rí, kí ó sì máa dì nọ́ọ̀tì méjèèjì díẹ̀díẹ̀ ní ìpàrọ̀, kí ẹnu rẹ̀ lè jókòó déédéé. Ọ̀pọ̀ ariwo tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ra sáílẹ́ńsà tuntun kò ju òrùka yìí lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ara sáílẹ́ńsà ni ó ti lu, wẹ́dà lè lẹ irin mọ́ ọn. Kí wọ́n tú u kúrò lára alùpùpù ná, kí iná má bàa sún mọ́ ilé epo. Kí wẹ́dà má sì ṣe gé páànù òrùlé àtijọ́ sí i: síńkì tí ó wà lára páànù máa ń di èéfín funfun nígbà tí iná bá bà á, ẹni tí ó bá fa á sí imú yóò sì sun ibà mọ́jú. Ihò kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ sáílẹ́ńsà tí wẹ́dà máa ń rò pé ìpata ni, tí ó sì ń fẹ́ láti bò. Kí ó fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde.

Èyí tí ó le jù ni sáílẹ́ńsà tí ó ti di ìkòkò òfìfo, yálà nítorí ìpata tàbí nítorí pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ yọ ìfun rẹ̀ dànù. Àwa kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́: ìwà yíyọ yìí kò dùn mọ́ wa. Àwọn ọ̀dọ́ a máa sọ pé ó ń fi agbára kún alùpùpù. Lórí ẹ́ńjìnnì kékeré, etí ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ariwo ni ó pọ̀, ìyára kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ tí ń gun alùpùpù ńlá ní òpópó Lekki ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni a sì ń wò fara wé.

Láti dá ìfun padà, kí ó wá páìpù irin tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó páìpù tí ó ti inú ẹ́ńjìnnì wá. Kí ó gé e kí ó kúrú díẹ̀ ju sáílẹ́ńsà lọ, kí ó fi irin pélébé dí orí tí yóò wà nínú, kí ó wá lu ihò sí i lára, kí èéfín lè gba inú ihò wọ inú páìpù kí ó tó jáde. Ìṣirò wà nínú iye ihò náà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí páìpù bá fẹ̀ ní mìlímítà 25, àyè ẹnu rẹ̀ súnmọ́ mìlímítà onígun mẹ́rin 490. Ihò tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 3 kò ju 7 lọ. Ihò 70 ni yóò kàn bá ẹnu páìpù dọ́gba, kò sì tíì tó, nítorí èéfín ń fara gbún etí ihò kọ̀ọ̀kan. Kí ó lu 100 tàbí 120. Kí ó ti páìpù náà wọlé láti ẹ̀yìn, kí ó sì fi bóòtù kan dè é já sí ara sáílẹ́ńsà, kí ó má bàa fò jáde bí ọta ìbọn lu ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn mìíràn fẹ́ràn páìpù oníhò tí a kò dí orí rẹ̀, tí a fi òwú irin tàbí òwú dígí wé yíká. Èyí kò fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn rárá, ó sì ń mú ìró híhan rọlẹ̀ dáradára, ṣùgbọ́n ìró ńlá tí ń dún bí ìlù ń kọjá nínú rẹ̀. Bí ó bá yan èyí, kí ó ra òwú irin tí kì í dípata. Kànrìnkàn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò kò yẹ, ó fẹ́lẹ́ jù, ó lè gbiná, èéfín yóò sì fẹ́ ẹ jáde kí oṣù tó parí. Èèpo àgbọn, àkísà àti fóòmù kò tilẹ̀ ṣeé dárúkọ. Ẹni tí ó bá ń lo òwú dígí, kí ó bo imú àti ọwọ́.

Òfin pẹ̀lú wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo ti wà láti ọdún 2009, àjọ LASEPA ní Èkó sì fi ìwọ̀n dẹ́síbẹ̀lì 55 lélẹ̀ fún ibùgbé ní ọ̀sán àti 45 ní òru. Ṣùgbọ́n etí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó jẹ wá lọ́kàn jù. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé etí lè fara da dẹ́síbẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Bí ó bá fi 3 péré lé sí i, wákàtí mẹ́rin ni ó kù. Ẹni tí ó jókòó sórí ariwo láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ kì í mọ ìgbà tí etí rẹ̀ ń lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ó gun un lọ sí orí afárá Ajah kí ó sì padà. Bí alùpùpù kò bá lè gun òkè bí ti tẹ́lẹ̀, ihò kéré. Kí ó lu sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kí ó yọ púlọ́ọ̀gì wò: bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ ilẹ̀, ara ẹ́ńjìnnì dá, bí ó bá dúdú tí ó sì ní ẹ̀ẹ́dú, kò rí ààyè mí. Kí ó sì tún bóòtù náà dì ní ìparí ọ̀sẹ̀, nítorí gbígbóná àti títutù irin máa ń tú u.