Ẹ Jẹ́ Ká Pín Ẹran Iléyá, Kí Ara Wa Lè Le

Iléyá tún ti dé tán. Àwọn tí Ọlọ́run fún lágbára ti ń wá àgbò, àwọn ìyá wa ti ń ra ata, àlùbọ́sà àti kẹ́ẹ̀gì òróró. Ohun ìdùnnú ni. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) pe ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé ọjọ́ ọdún ní ọjọ́ jíjẹ, mímu àti ìrántí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nínú Súúrà al-A'raf, āyah 31, ibi tí Ọlọ́run ti ní ká jẹ ká mu, ibẹ̀ náà ló ti kọ àṣejù fún wa.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹran ọdún kì í tán lọ́jọ́ ọdún. A ó dín in, a ó kó èyí tó kù sínú fìrísà, a ó sì máa jẹ ẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀dọ̀ àti ẹran ọlọ́ràá la máa ń bù fún bàbá ilé, bẹ́ẹ̀ bàbá yìí gan-an lẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Èrò tèmi ni pé pínpín ẹran ni oògùn àkọ́kọ́. Súúrà al-Hajj ní ká jẹ níbẹ̀, ká sì fún aláìní. Lọ́dún kan tí àwọn tálákà wọ Mẹ̀dínà, Ànábì kò gbà kí ẹnikẹ́ni tọ́jú ẹran kọjá ọjọ́ mẹ́ta; nígbà tí nǹkan rọ̀ ló tó gbà á láàyè. Nítorí náà, fìrísà kì í ṣe èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé nǹkan ti rọ̀ fún aládùúgbò wa lónìí? Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ sì ń mú kí ẹran máa yọ̀, kó tún máa dì, títí yóò fi bàjẹ́.

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni." Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: Iléyá, ìtùnú ààwẹ̀, Máólúdì, ìkómọ, yìgì. Oṣù wo ni a kì í jẹ àsè?

Ẹ bọ ẹran tàbí kí ẹ sun ún dípò díndín, kí ẹ sì gé ọ̀rá rẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju ìrẹsì lọ nínú àwo. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ tó síbí tíì kan fún ẹnì kan lóòjọ́, iyọ̀ inú magí náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgò 50cl ẹlẹ́rìndòdò ló ní ṣúgà tó lé ní síbí tíì 10. Omi tútù dára jù ú lọ. Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ kí àwọn ẹbí tó wà nítòsí. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ pa á jẹ nítorí ọdún. Bí àlejò bá sì ní òun ti yó, ẹ má ṣe bẹ̀ ẹ́ títí yóò fi jẹ ju agbára rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ẹran ló ń dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ìbẹ̀rù Rẹ̀ tó wà lọ́kàn wa ni. Kí Ó gbà á lọ́wọ́ wa, kí Ó sì jẹ́ ká ṣe ọ̀pọ̀ ọdún nínú àlàáfíà. Àmín.