Ẹ Bi Yorùbá Léèrè Kí Ẹ Tó Kọ Gẹ̀ẹ́sì

Gbólóhùn kan wà tí a máa ń rí nínú lẹ́tà àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn ará ìhà kejì ẹnubodè: “I am here since Monday.” Ẹni tí ó kọ ọ́ gbọ́ Faransé dáadáa. « Je suis ici depuis lundi » ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ọ̀rọ̀ Faransé lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbólóhùn náà fi pé. Gẹ̀ẹ́sì kò gba bẹ́ẹ̀. “I have been here since Monday” ni ó yẹ kí ó kọ. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé bí ẹni yìí kan náà bá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé, “Mo ti wà níhìn-ín láti ọjọ́ Ajé” ni yóò wí. “Ti” inú gbólóhùn yẹn gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi “have been” sọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, ó wá ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò.

Láti ìgbà tí àdéhùn ọdún 1889 láàárín ìjọba Faransé àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi Kétu sí apá kan, tí Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sí apá kejì, èdè ilé-ìwé ti pín wa sí méjì. Ní Benin àti Togo, Faransé ni àwọn ọmọ wa fi ń kọ́ ìwé. Ìgbà tí wọ́n bá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n máa ń bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé, Faransé náà ni a sì sábà fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ fún ọmọ pé Yorùbá ni ó ń ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí à ń rí, ọ̀nà Faransé ni wọ́n gbà wọlé, Yorùbá ni ì bá sì dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jáde ní London, tí ó sì fi àlàyé gírámà Yorùbá síwájú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí èdè méjèèjì ti ń wo ojú ara wọn láìgba ọ̀dọ̀ Faransé kọjá.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ibi tí ẹjọ́ pọ̀ sí. Bí ẹnìkan bá sọ pé « je vais au marché », a kò mọ̀ bóyá ó ti wà lójú ọ̀nà tàbí pé ìṣe rẹ̀ ni láti máa lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e ni yóò là á yé wa. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. “I am going to the market” ni ti ẹni tí ó ti gbé igbá rù; “I go to the market on Mondays” ni ti ẹni tí ó máa ń ná ọjà ní ọjọọjọ́ Ajé. Yorùbá náà yà wọ́n sọ́tọ̀: “mo ń lọ sí ọjà”, “mo máa ń lọ sí ọjà”. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó kọ́kọ́ sọ gbólóhùn rẹ̀ ní Yorùbá. Bí “máa ń” bá bọ́ sí i lẹ́nu, kí ó lo ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì lásán. Bí “ń” nìkan ni, kí ó lo èyí tí ó ní “-ing” lẹ́yìn. Bí “ti ń” ni, bí ẹni wí pé “mo ti ń gbé ní Ṣábẹ̀ láti ọdún 2015”, “I have been living” ni yóò kọ. Kódà níbi tí Yorùbá bá ti kọ “ń” sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń kọ “-ing” sílẹ̀ pẹ̀lú: a kì í sọ pé “mo ń mọ̀ ọ́n”, wọn kì í sì í sọ pé “I am knowing him”.

Ọ̀rọ̀ àná náà ń kó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. « Je l'ai vu hier » ni ó ń bí “I have seen him yesterday”. Bí a bá ti dárúkọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, tí ìgbà náà sì ti kọjá, Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ “have” níbẹ̀ mọ́. “Mo rí i lánàá”, “I saw him yesterday”: kò sí “ti”, kò sí “have”. Ṣùgbọ́n “mo ti rí i”, “I have seen him”. Bákan náà, ẹni tí « je suis arrivé » bá mú kọ “I am arrived”, kí ó rántí pé “mo ti dé” ni òun ń wí nílé, “I have arrived” sì ni. (Ẹlòmíràn lè bi wá pé ṣé èèwọ̀ ni “mo ti rí i lánàá” ni. Kì í ṣe èèwọ̀. A máa ń sọ ọ́ bí a bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀rọ̀ náà ti parí kí wọ́n tó bi wá. Atọ́nà ni Yorùbá jẹ́ fún wa níbí, kì í ṣe adájọ́.)

Àwọn kékeré-kékeré pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. « J'ai vingt ans » kì í ṣe “I have twenty years”. “Ọmọ ogún ọdún ni mí” ni ó sún mọ́ “I am twenty years old”. « La patience est bonne » kì í ṣe “The patience is good”. “Sùúrù dára”, “patience is good”, kò sí ohun tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ náà nínú èdè méjèèjì. « Explique-moi » kì í ṣe “explain me”. Ẹ gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kékeré náà sí àyè rẹ̀: “ṣàlàyé fún mi”, “explain to me”, “dúró dè mí”, “wait for me”, “tẹ́tí sí mi”, “listen to me”.

Síbẹ̀, a kò ní sọ Yorùbá di òrìṣà. Ó ní ibi tí òun náà ti ń ṣì wá lọ́nà, nígbà mìíràn òun àti Faransé ni wọ́n jọ ń ṣe é. “Mo fẹ́ kí ó wá” àti « je veux qu'il vienne » bá ara wọn mu, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ń ti ọmọ sínú “I want that he comes”, nígbà tí ó jẹ́ pé “I want him to come” ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́. “A jíròrò lórí ọ̀rọ̀ náà” àti « nous avons discuté de l'affaire » ni ó ń bí “we discussed about the matter”. Ẹ yọ “about” kúrò níbẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni ti “he” àti “she”. Lọ́dọ̀ wa, “ó” ni ọkùnrin, “ó” ni obìnrin, “ó” náà ni òkúta. Faransé ní tirẹ̀ ń wo ohun tí a ní, kì í wo ẹni tí ó ni ín: « Paul et sa mère », nítorí pé ìyá jẹ́ abo. Gẹ̀ẹ́sì ń wo olówó ohun: “Paul and his mother.” Ẹni tí ó bá kọ “Paul and her mother” ti sọ ìyá Paul di ìyá obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí. Kò sí ọgbọ́n kankan níbí ju pé kí a tún lẹ́tà kà, kí a sì béèrè lọ́wọ́ “his” àti “her” kọ̀ọ̀kan pé ta ni ó ni ọ́.

Ọ̀nà tí a ń gbà so gbólóhùn pọ̀ tún yàtọ̀. Yorùbá lè to ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, “ó ra ẹja sè jẹ”, kí ó sì dùn létí. Gẹ̀ẹ́sì yóò ní kí a wí pé “he bought fish, cooked it and ate it”. Òǹkọ̀wé Faransé lè fi àmì ìdánudúró díẹ̀ so gbólóhùn méjì tí ó dá dúró pọ̀, bí i « Il pleuvait, nous sommes rentrés », kí olùkọ́ má sì bá a wí. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò fi yẹẹ́rì pupa fà á. Ẹ fi “so” sí àárín wọn, tàbí kí ẹ fi àmì ìdánudúró parí èkíní.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe gírámà kì í sábà ba òwò jẹ́. Òǹkàwé yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì kọjá. Ọ̀rọ̀ tí ó jọra ní ojú tí kò jọra ní inú ni kí a bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí a wo oníṣòwò kan ní Pọ̀bẹ̀ tí ó ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó fẹ́ ra àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà. « Nous paierons éventuellement le transport » ni ó ní lọ́kàn, ó sì kọ “We will eventually pay for the transport.” Lójú tirẹ̀, ohun tí ó sọ ni pé bóyá òun yóò san owó ọkọ̀. Lójú ẹni tí ó kà á, ohun tí ó sọ ni pé bó pẹ́ bó yá, òun yóò san án. “Bóyá” di “bó pẹ́ bó yá”, ìlérí sì ti wọ inú ìwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe é. “Perhaps” ni ì bá gbà á sílẹ̀. “Actually” kì í ṣe « actuellement »; “ní tòótọ́” ni. “Assist” kì í ṣe kí a wà ní ibi ayẹyẹ, kí a ranni lọ́wọ́ ni. “Library” kì í ṣe ilé ìtàwé, ibẹ̀ ni a ti ń yá ìwé kà.

Lẹ́tà kan náà lè ní “2,500” nínú. Fún ẹni tí ó kàwé ní Àjàṣẹ́, méjì àti ààbọ̀ ni. Fún ẹni tí ó kàwé ní Abẹ́òkúta, ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni. Bí ó bá jẹ́ tọ́ọ̀nù àgbàdo ni wọ́n ń sọ, ẹ fojú inú wo iye ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò dé ẹnubodè. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, àmì tí ó wà nílẹ̀ bí ẹ̀wà ni a fi ń ya ààbọ̀ sọ́tọ̀, “2.5”, èyí tí ó ní ìrù ni a fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. “Billion” ti Gẹ̀ẹ́sì náà ni « milliard » ti Faransé. « Billion » ti Faransé fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún jù ú lọ.

Ìyókù àwọn àmì kò le. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi àyè sílẹ̀ ṣáájú àmì ìbéèrè àti àmì ìyanu bí Faransé ti ń ṣe. Orúkọ ọjọ́, oṣù àti èdè máa ń fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀: “Monday”, “January”, “French”.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, èyí tí ó máa ń ká ọmọ Yorùbá lára jù. A ní “ẹ”, Faransé ní « vous », Gẹ̀ẹ́sì ní “you” kan ṣoṣo fún ọba àti fún ọmọ ọwọ́. Bí ọ̀dọ́ bá wá túmọ̀ « je vous demande de m'envoyer » sí “I demand that you send me”, ó ti pàṣẹ fún àgbàlagbà, kò sì mọ̀. “Could you please send me” ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń dọ̀bálẹ̀. Ní ìparí lẹ́tà, « Veuillez agréer, Monsieur le Directeur, l'expression de mes sentiments distingués » kò ní ìtumọ̀ tí a lè gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ kí wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá fi “Dear Sir” tàbí “Dear Madam” bẹ̀rẹ̀, “Yours faithfully” ni kí ẹ fi parí. Bí ẹ bá dárúkọ ẹni náà ní ìbẹ̀rẹ̀, “Yours sincerely” ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọwọ́ sí i.