Ìdílé Ta Ni Ó Ti Wá?

Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ ń gbé òkè òkun, bí ikọ́ fée, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí asíímà, bá mú ọmọ, ìbéèrè tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ dìde ni pé: ìdílé ta ni ó ti wá? Ẹbí bàbá á ní kò sí irú rẹ̀ nílé àwọn. Ẹbí ìyá á búra pé àwọn kò gbọ́ ọ rí. Lójú tèmi, àríyànjiyàn yìí kò wo ọmọ kankan sàn.

Òtítọ́ ni pé a lè jogún rẹ̀. Ó máa ń tètè mú ọmọ tí ó ti mú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ju ọmọ mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìbejì tí wọ́n ti inú ẹyin kan ṣoṣo jáde: ohun kan náà ni wọ́n jogún, síbẹ̀ ó lè mú Táyéwò kí ó má mú Kẹ́hìndé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ohun tí a jogún ni ògiri tí ó lanu. Aláǹgbá ni èéfín ọkọ̀, èéfín sìgá, eruku inú tìmùtìmù àti ọ̀rinrin inú ilé.

Ẹ rántí Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún 9 tí ikọ́ fée pa ní ọdún 2013. Lewisham ní Lọ́ńdọ̀n ni ó ń gbé, nítòsí òpópónà South Circular tí ọkọ̀ máa ń kún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọ̀gá tí ó wádìí ikú náà kéde pé afẹ́fẹ́ tí ó dọ̀tí wà lára ohun tí ó fà á. Ó ní kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé ewu náà fún ìyá rẹ̀. Bí ó bá ti mọ̀ ni, ì bá gbé ìgbésẹ̀ tí ó ṣeé ṣe kí ó gba ọmọ náà là.

Ìmọ̀ tí ìyá yẹn kò rí gbà ti wà lọ́wọ́ wa báyìí. A kò lè pààrọ̀ ohun tí ọmọ jogún, ṣùgbọ́n a lè lé aláǹgbá. Ẹ sọ ìtàn ìdílé yín fún dókítà láìfi ohunkóhun pamọ́. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ má ṣe sá aṣọ tútù sínú yàrá tí ọmọ ń sùn; ẹ ṣí fèrèsé bí ẹ bá ń dín ata. Bí ilé tí ẹ yá gbé bá ní ọ̀rinrin, ẹ kọ̀wé sí onílé. Bí ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ bá gba ẹ̀gbẹ́ títì ńlá, ẹ wá ọ̀nà mìíràn. Bí dókítà bá sì fún ọmọ ní oògùn ìdènà tí yóò máa fà sínú láti ẹnu lójoojúmọ́, ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Ìdènà gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ẹbí méjèèjì fi ẹ̀bi sílẹ̀, kí wọ́n jọ ṣọ́ ọmọ wọn.