Owó orí tí a san kọjá: ta ni yóò dá a padà, nígbà wo?

Bí ẹ bá jẹ ìjọba ní owó orí tí ọjọ́ rẹ̀ sì kọjá, ẹ ó san ìtanràn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, wọn yóò sì gbé èlé lé e lórí. Bí ó bá wá jẹ́ pé ìjọba ló gba owó kọjá iye tó yẹ lọ́wọ́ yín ńkọ́? Ẹ ó kọ lẹ́tà, ẹ ó lọ sí Aláúsá, wọn yóò sì ní kí ẹ máa lọ ná, àwọn yóò pè yín.

Èmi kò lòdì sí owó orí. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà, ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sápò. Ohun tí mo lòdì sí ni òṣùwọ̀n méjì tí a fi ń wọn gbèsè: èyí tí ará ìlú jẹ, àti èyí tí ìjọba jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi falẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àwọn òfin owó orí tuntun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2026. Ohun rere wà nínú wọn, kò yẹ kí a sẹ́ ẹ. ₦800,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé fún ènìyàn lọ́dún kò ní owó orí mọ́. Ẹni tí ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là kalẹ̀ náà bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ń gbé ilé àyágbé yóò sì yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò, bí ohun tó yọ kò bá ti ju ₦500,000 lọ.

Ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ ni òfin gbé àdá lé lọ́wọ́. Lóṣooṣù ló ń gé owó orí kí owó oṣù tó dé ọwọ́ ẹni tó làágùn fún un. Bí akọ̀wé owó níbẹ̀ bá ṣì ń lo ìṣirò àtijọ́, tàbí tí kò béèrè ìwé owó ilé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, owó tó ju ẹ̀tọ́ lọ ni yóò máa lọ, ẹni tí wọ́n ń gé e lára rẹ̀ lè má tilẹ̀ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi olùkọ́ kan ní Agbówà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ₦300,000 ló ń san fún ilé lọ́dún. Ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Bí owó tó ń wọlé fún un bá wà ní ìpele tí wọ́n ti ń gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦9,000 ni yóò bá ìjọba lọ bí ẹnikẹ́ni kò bá ka owó ilé náà mọ́ ọn. Ẹni tó wà ní Ìkòyí lè fi ₦9,000 rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ yìí kò lè rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ ẹ wo ọ̀nà tí yóò rìn kó tó gbà á: láti Agbówà sí Ìtòíkín, láti Ìtòíkín sí Ìkòròdú, ó di Mile 12, Kẹ́tu, Ọjọ́ta, kó tó dé Aláúsá tí LIRS fi ṣe ibùjókòó. Kó lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sì máa gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ló kù nínú ₦9,000? Ọ̀pọ̀ yóò fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Owó tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, àpò ìjọba ló ń wà.

Wọn yóò ní kó lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2019 ni LIRS ti ní eTax, orí rẹ̀ ni a sì ti ń kéde owó tó wọlé fún wa tí a sì ń san tiwọn. Ojú ọ̀nà tí owó gbà lọ yẹ kó ṣeé gbà bọ̀.

Wọn a tún máa sọ pé àwọn yóò fi owó náà dí owó orí ọdún tó ń bọ̀. Fún oníṣòwò ńlá, ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Fún ẹni tó ń fẹ̀yìn tì lóṣù Kejìlá ńkọ́? Owó ìfẹ̀yìntì kò ní owó orí. Kí ni wọn yóò fi dí?

Ẹ tún wo òfin ọdún 2007 tó dá FIRS sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí NRS ti gba ipò rẹ̀ báyìí. Òfin yẹn ní kí wọ́n dá owó padà láàárín 90 ọjọ́. Ẹni tó bá kà á kíákíá yóò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àjọ náà bá ṣe ìpinnu ni kíkà ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé béèrè. Ẹni tó jẹ gbèsè náà ló ń mú kàlẹ́ńdà dání. Òótọ́ ni pé òṣìṣẹ́ bíi tiwa, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni owó orí rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n èrò kan náà ni mo rí ní gbogbo ẹnu ọ̀nà wọn.

Àwọn ènìyàn wa ní Houston àti Chicago mọ bí ó ṣe ń rí láti máa yọjú sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ lójoojúmọ́ nítorí sọ̀wédowó owó orí. Ìjọba Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òpin sí sọ̀wédowó oníwèé láti ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, kí owó lè máa lọ tààrà sí báńkì. IRS wọn kì í ṣe áńgẹ́lì; lásìkò àrùn kòrónà, mílíọ̀nù àwọn ìwé owó orí ló wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tú wò. Síbẹ̀, lábẹ́ òfin wọn, bí owó náà bá pẹ́ ju 45 ọjọ́ lọ lẹ́yìn gbèdéke, ìjọba yóò san èlé lé e fún ẹni tó ni ín. Nítorí èlé yẹn, ìfalẹ̀ ń ná ìjọba ní nǹkan. Níhìn-ín, ìfalẹ̀ èrè ni.

Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà dìde nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ìjà ohun tí wọ́n ń gbà nìyẹn. Ìjà ohun tó yẹ kí wọ́n dá padà kò tíì bẹ̀rẹ̀, kò sì yẹ kó gba àdá. Òfin tuntun ti dá Tax Ombud sílẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ ará ìlú; ẹ kọ̀wé sí i. Ẹ tọ́jú ìwé owó oṣù yín àti rìsíìtì owó ilé yín, oṣù kan kò gbọdọ̀ sọnù nínú wọn.

Ní ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó, ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 2027 ni gbèdéke tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi kéde owó tó wọlé fún un lọ́dún 2026. Kó tó di ọjọ́ náà, kí wọ́n pe àwọn alákòóso LIRS síwájú ìgbìmọ̀, kí wọ́n bi wọ́n ní gbangba: ènìyàn mélòó ló béèrè owó tí wọ́n san kọjá láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, mélòó ló rí i gbà, ọjọ́ mélòó ló sì gbà wọ́n?